Ọjà Ìbà ni, kì í ṣe Ọjà Ọba

"Ọjà'ba" ni kọ̀ndọ́ tó ń kó èrò lọ sí ìsàlẹ̀ Màpó ní Ìbàdàn ń pariwo, gbogbo èèyàn sì mọ ibi tó ń lọ. Ìgbà tó bá di kíkọ sára pátákó ni ọ̀rọ̀ ń dojú rú, tí wọ́n á kọ "Ọjà Ọba". Àṣìkọ ni, lójú tèmi. Olúyọ̀lé, jagunjagun Ìbàdàn tó kú ní 1847, ló ni orúkọ ọjà náà. Baṣọ̀run ni oyè rẹ̀, Ìbà sì ni ìgékúrú oyè náà. Ẹ tún gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ náà: ará ìlú di aráàlú, ilé ìwé di iléèwé, "i" ló ń yẹ̀ fún fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọjà Ìbà ṣe di Ọjà'ba. Tó bá jẹ́ Ọjà Ọba ni, "ọjọ̀ọba" là bá máa gbọ́.

Wọ́n á ní Ọjà Ọba wà ní Àkúrẹ́ àti Òṣogbo, kí ló wá ṣe ti Ìbàdàn? Àwọn ìlú yẹn ti ní ọba tipẹ́. Baálẹ̀ ni olórí Ìbàdàn ń jẹ́ títí di 1936 tí oyè náà fi di Olúbàdàn. Wọ́n ti ń ná ọjà yìí tipẹ́ kó tó di ìgbà náà. Olúbàdàn kò sì nílò kí a gba ọjà Olúyọ̀lé fún òun. Kí àwọn aláṣẹ jọ̀wọ́ tún pátákó náà kọ.