Òfin wà, owó dà?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wọ dánfó l'Óṣòdì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá wa dúró. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ gbé píọ́ wọ́tà sórí, ó sáré wá síbi fèrèsé. Mo wo aago, mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá. Mo ní, "Ṣé o ò lọ síléèwé lónìí ni?" Ó ní, "Àǹtí mi ní kí n tà á tán kí n tó lọ, sà." Bó bá fi máa tà á tán, wọ́n á ti jáde níléèwé!

Bí mo ṣe gba omi tán ni ọkọ̀ wa gbéra, mi ò sì tíì sanwó. Ọmọ yẹn ń sáré tẹ̀lé wa láàárín mọ́tò, àfìgbà tí mo ju owó sí i. Àyà mi já. Ká sọ pé mọ́tò gbá a ńkọ́?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa, kì í ṣe pé kò sófin. Ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, Èkó ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2007. Òfin tọdún 2003 yẹn ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi ọmọdé kiri ọjà lójú títì. Òfin ẹ̀kọ́ tọdún 2004 náà ní dandan ni kọ́mọ kàwé, ọ̀fẹ́ sì ni, láti pírámárì títí dé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ṣùgbọ́n ohun tójú wa ń rí ni pé ọmọ gan-an ni wọ́n ń lé kiri, ọjà orí ẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Tó bá dọ̀la, ó tún ti dé. Àǹtí tó rán an níṣẹ́ yẹn sì lè jẹ́ opó tí kò rówó ilé san. Tẹ́ ẹ bá jù ú sẹ́wọ̀n, ọ̀dọ̀ ta lọmọ náà fẹ́ sùn?

Owó ló kù o! Òfin 2004 yẹn ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 2 nínú 100 owó àpò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba tiẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú owó tara ẹ̀ sílẹ̀. Àìmọye ìgbà la ti gbọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ò mú un wá, tí owó ọmọ olówó-ọmọ tálákà wà nílẹ̀ láìlò.

Ẹ̀yin gómìnà wa, ẹ mú owó yẹn wá níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹ gba òṣìṣẹ́ wẹ́fíà sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún wọn lọ́kọ̀. Ẹ kọ́ ilé tí ọmọ lè sùn sí. Ẹ fún opó lówó díẹ̀ lóṣooṣù, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ìgbà tọ́mọ bá ń lọ síléèwé nìkan lówó á máa wọlé.

Àwa náà ńkọ́? Èmi tí mò ń pariwo yìí, mo ṣáà ra omi yẹn mu. Ọ̀pọ̀ yín tó ń ka ìwé ìròyìn yìí lẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé. Ṣé iléèwé ló wà báyìí, àbí ìdí abọ́? Ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í wò ó. Ìjọba wà nínú igba yẹn, èmi àtẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.