Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Amọ̀ Mọ Oúnjẹ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń mọ oúnjẹ kéékèèké sínú ilé àwòṣe mu. Ní òkè òkun, iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni ọ̀kan nínú méjìlá: àwo tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 24 yóò di sẹ̀ǹtímítà 2 péré. Wọn a mọ búrẹ́dì, wọn a mọ àkàrà òyìnbó. Ìbéèrè mi ni pé, àmàlà ńkọ́?

Ère kékeré kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni Justus Akeredolu ti Ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún ara igi gbẹ́ ère. Òun àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e gbẹ́ obìnrin tí ń gún iyán àti ọkùnrin tí ń dá ẹmu. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọ̀ tí ẹ̀gún ní. Kò lè fi hàn bóyá ẹ̀fọ́ tàbí ègúsí ni ó wà nínú ìkòkò. Amọ̀ àti ọ̀dà lè ṣe èyí.

Ẹ jẹ́ kí a fi Lánlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí yóò mọ ilé ìdáná ibẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ìlasà, ewé ilá tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Igbó-Ọrà. Ìlasà a máa yọ̀, nítorí náà ọ̀dà tí ń dán ni a ó fi parí rẹ̀. Àmàlà iṣu dúdú, ti láfún funfun. Bí ẹnikẹ́ni bá kùn wọ́n ní àwọ̀ kan náà, irọ́ ni ó pa. Ní ti ọbẹ̀ ata, gọ́ọ̀mù tí a pa láró pupa ni a ó kán sí ojú rẹ̀, kí ó lè dà bí epo tí ó léfòó. Lẹ́yìn náà ni orógùn, ìgbakọ àti ìjábẹ̀ yóò wà lẹ́bàá ààrò.

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo ń bá bọ̀. Ọmọ tí kò mọ ìjábẹ̀ kò lè mọ ọ́n lámọ̀. Bí ó bá sì fẹ́ ṣe é, dandan ni kí ó béèrè orúkọ àti ìlò rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Àwọn kan yóò ní eré ọmọdé ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n inú eré ni ọmọ ti ń kọ́ èdè. Èyí tí ó ń fi píìsà oníke ṣeré, orúkọ píìsà ni yóò mọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni wà ní Lánlátẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá níbẹ̀ gbé iṣẹ́ yìí wọ kíláàsì. Amọ̀ kò wọ́n. Àwọn ìyá tí ó mọ orúkọ nǹkan wọ̀nyí ni a kò ní rí títí láé. Ẹ lọ bi wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà.