Kí Ẹ Tó Jẹ́ Kí Wọ́n Tú Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ agbọ́rédíò ní Ìta-Ìjẹ̀bú! Ẹgbẹ́ á dáwó jọ, wọ́n á ra kọ̀ǹpútà tuntun ní Kùtọnú. Bó bá délé tí kò dún, tí kò sì mú wifi, kíá, wọ́n á ní ká gbé e lọ fún ẹni tó máa tú u. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ògbufọ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀yà ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní driver. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní pilote. Ti ohùn wà lọ́tọ̀, ti wifi náà wà lọ́tọ̀. Bí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, tàbí tó ti gbó, ẹ̀yà yẹn á dákẹ́ bí ẹni pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ fi okùn so fóònù mọ́ ọn kó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ ṣí Windows Update. Bí kò bá yanjú, ẹ lọ sí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà gan-an, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá driver tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá pè yín lórí fóònù pé kẹ́ ẹ sanwó kóun tó tún un ṣe, ẹ má dá a lóhùn.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á, pẹ̀lú facture. Bí ẹlòmíì bá ti tú u, wọ́n lè ní gàráǹtì ti pa rẹ́.

Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ bi ara yín: ọwọ́ ta ni facture wa wà?