Òùngbẹ Kọ́ Ló Ń Ṣe Efinrin Yín

Ìyá ìyàwó mi fún wa ní efinrin kan, a gbìn ín sínú ìkòkò. Nígbà tí ewé rẹ̀ ń pọ́n tí ó sì ń rọ, mo ní òùngbẹ ni. Mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí mo fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rùn. Omi tí mo pè ní ìtọ́jú ni ó pa á.

Gbòǹgbò pẹ̀lú ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí omi bá dúró sínú erùpẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní rí àyè wọlé, gbòǹgbò yóò sì jẹrà.

Nítorí náà, bí tiyín bá ń rọ tí erùpẹ̀ rẹ̀ sì tutù, ẹ má ṣe bu omi sí i mọ́. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé gbogbo gbòǹgbò tó ti rà. Ẹ da erùpẹ̀ àtijọ́ nù, ẹ fọ ìkòkò náà, ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ tuntun tí a po mọ́ iyanrìn tún un gbìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa ti ìka bọ erùpẹ̀ kí ẹ tó bomi rin ín. Bí ó bá ṣì tutù, ó di ọ̀la.

Bí gbòǹgbò bá ti jẹrà tán, ẹ gé ẹ̀ka tó ṣì yè, kí ẹ gbìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ìyá ìyàwó mi sì ti já nínú rẹ̀ sí ọbẹ̀.