Ẹ Yé Fi Owó Wa Méfò

Ẹni tó ń wa tọ́kùnbọ̀ àtijọ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà mọ ìyà yìí: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé lábẹ́ bíríìjì, ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì kú.

Kí ni wọ́n ń sọ fún wa? "Ẹ lọ ra plọ́ọ̀gì." Lọ́la, ó di pọ́ǹpù epo. Lọ́túnla, ó di kọ́ìlì. Owó oúnjẹ wa tán, àìsàn ọkọ̀ kò lọ. Àwa ò gbà! Àyẹ̀wò ló ń ṣáájú oògùn.

Ọkọ̀ tó ń sáré dáadáa àmọ́ tó ń kú nídùúró, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò: throttle body tó dọ̀tí, idle valve tó há, rọ́bà tó là. Fífọ̀ lásán lè tó. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 sì ní ojú OBD-II tí a lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò.

Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀gá ti mọ iṣẹ́. A bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ọjà, plọ́ọ̀gì tuntun wo ló lè wo epo burúkú sàn?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: "Ọ̀gá, kí lẹ yẹ̀ wò? Kí lẹ rí? Ẹ fi hàn wá." Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe jẹ́ kó tú ẹ́ńjìnnì yín.