Alágbàtọ́, níbo ni ìwé ọmọ wà?

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Tọkọtaya kan wà ládùúgbò wa ní Mushin. Wọ́n ṣègbéyàwó títí, ọmọ ò dé. Nígbà tó yá, ojúlùmọ̀ kan gbé ọmọ jòjòló kan wá fún wọn, ó ní ìyá ẹ̀ ò lágbára àtitọ́ ọ. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n fi í síléèwé. Bàbá kì í jẹun alẹ́ àfi bí ọmọbìnrin yẹn bá jókòó tì í. Bí wọ́n bá ní kó lọ ṣe ìwé ọmọ, á ní, "Ó dọ̀la."

Ọmọ pé ọdún mọ́kànlá, bàbá kú lójijì. Wọn ò tíì ṣe òkú tán táwọn ẹbí fi pe ìpàdé. "Ìyàwó wa, ta ló ni ọmọ yìí? Ìwé ẹ̀ dà?" Kò síwèé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ sí yàrá tí ọmọ ń sùn.

Ẹ máa ní ìkà ni wọ́n. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́, bàbá náà jẹ̀bi.

Àwa Yorùbá ti ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ tipẹ́. Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní í bímọ, igba èèyàn ní í tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ká gbọmọ tọ́ yàtọ̀ sí ká sọ ọ́ dọmọ ẹni. Wọ́n lè gba ọmọ padà lọ́wọ́ alágbàtọ́. Ẹni tí kọ́ọ̀tù bá fún níwèé, ọmọ tiẹ̀ nìyẹn.

Ìjọba àpapọ̀ ṣòfin ẹ̀tọ́ ọmọdé lọ́dún 2003, Èkó ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2007. Òfin ọdún 2003 yẹn ní kí tọkọtaya pé ọmọ ọdún 25, kí wọ́n sì fi ọdún 21 ju ọmọ lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ fáwọn wẹ́fíà ní oṣù 12 ṣáájú kí kọ́ọ̀tù tó fọwọ́ sí i. Ọmọ sì gbọ́dọ̀ ti gbé lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta gbáko, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọwọ́ yín àti tọmọ bá ara mu. Bí kọ́ọ̀tù bá ti fọwọ́ sí i, ọmọ yẹn lẹ́tọ̀ọ́ sógún bí ẹni tẹ́ ẹ bí nínú yín.

Ẹlòmíì á ní wàhálà yẹn pọ̀ jù, òun mọ ibi tí wọ́n ti ń fowó gbọ́mọ. Háà, ẹ sá o! Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni òfin kà sílẹ̀ fẹ́ni tó bá ra ọmọ àti ẹni tó tà á. Bóyá ọmọ tí wọ́n jí gbé sì ni, tí ìyá ẹ̀ ń sunkún níbì kan.

Ní Èkó, ẹ lọ bá àwọn wẹ́fíà ìjọba ní Aláúsá. Ẹni tí ọmọ ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀ láìsíwèé, kó lọ sọ tẹnu ẹ̀ nígbà tẹ́nu ṣì wà.

Ọmọ yẹn àti ìyá ẹ̀ ti kó sí yàrá kan báyìí. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé dádì mi kì í ṣe dádì mi ni?" Mi ò rí èsì fún un.

Ẹ má jẹ́ kí tiyín bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.