Wi-Fi Ọ̀fẹ́ Yẹ Èbúté Ọkọ̀ Ojú Omi l'Ékòó



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ èrò mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ní etí omi Èkó, pàápàá ní Marina níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń gbé etí odò kì í fi itọ́ bọ́jú. Itọ́ gan-an la fi ń bọ́jú l'Ékòó. Abẹ́ òkun ni àwọn okùn ńlá tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá láti ìlú òyìnbó ń gbà, etíkun wa, tí kò jìnnà sí Marina, ni wọ́n sì ti ń gòkè. SAT-3 dé ní 2001, MainOne ní 2010, Equiano ti Google ní oṣù kẹrin ọdún 2022, mi ò tíì ka àwọn yòókù. Síbẹ̀, ẹ lọ dúró ní èbúté CMS ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo bí èrò Ìkòròdú ṣe ń na fóònù sókè bí ẹni ń wá oṣù tuntun.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fowó lé owó wọn, ó lè tó ìdá 50 nínú 100. Dátà tí à ń rà ní 1,000 náírà lè di 1,500. Mo rí ìyá ẹlẹ́ja kan létí omi lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin kan ti gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù. Àfi bí dátà ṣe tán! Ó ní bí òun bá délé, òun á fi ránṣẹ́. Ọkọ̀ gbéra. Nígbà tí mo tún kọjá lọ́sẹ̀ kejì, ìyá náà ṣì ń retí owó. Ta la fẹ́ bá wí níbẹ̀?

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú Wi-Fi ọ̀fẹ́ rí. Oṣù keje ọdún 2018 ni Google bẹ̀rẹ̀ Google Station l'Ékòó, wọ́n ṣèlérí ibùdó 200 ní ìlú márùn-ún. Nígbà tó di 2020, wọ́n kéde pé àwọn ń ká a nílẹ̀, wọ́n ní dátà ti dínwó. Ó dínwó fún ta ni o? Ṣùgbọ́n mi ò dá wọn lẹ́bi. Oníṣòwò ló gbé ọjà rẹ̀ wá, òun náà ló lè gbé e lọ. Ìdí rèé tí mo fi ní iṣẹ́ ìjọba ni.

Kí ìjọba má sì wá kan àpótí kan ṣoṣo mọ́ òpó, kí wọ́n ya fọ́tò tán, kí wọ́n máa lọ. Agbára àpótí Wi-Fi kì í jìnnà, bí èrò bá sì pọ̀ jù lórí ẹyọ kan, kò ní sẹ́ni tó máa rí nǹkan ṣe. Iná ńkọ́? Bí iná bá lọ, Wi-Fi lọ nìyẹn, àfi tí wọ́n bá fi ti oòrùn sí i. Atẹ́gùn oníyọ̀ náà a sì máa jẹ irin. Owó àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ìnáwó ọdọọdún.

Àwọn kan á ní bọ́ọ̀lù ni àwọn ọ̀dọ́ á máa fi wò. Ó dáa, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́. Ó tó fi sanwó, ó tó fi ka lẹ́tà iṣẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn gbájú-ẹ̀, tí wọ́n lè gbé Wi-Fi tiwọn kalẹ̀ ní orúkọ tó jọ ti ìjọba. Kí wọ́n kọ orúkọ èyí tó jẹ́ ojúlówó gàdàgbà sára pátákó èbúté, ní Yorùbá, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún èrò pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì wọn kí wọ́n tó wọlé.

Mo rọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti LASWA kí wọ́n fi CMS àti Ìpakòdó ní Ìkòròdú bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dán an wò fún ọdún kan, kí wọ́n sì sọ iye tó ná wọn fún wa.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkòròdú.